Ìkọ́ Tí Ó Ní Ojú

 

Bí kànga bá wà ní ilé yín, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan jí ní òwúrọ̀, ó fẹ́ pọn omi kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Ó so okùn mọ́ korobá láìfún un dáadáa, ó sọ ọ́ sínú kànga, ó fà á, okùn nìkan ni ó sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá sókè. Korobá ti di ará ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo títí, ó sì ní kí wọ́n lọ yá ìkọ́ wá ní ilé kejì. Ẹ mọ ìkọ́ yẹn: irin ẹlẹ́nu mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, tí a so mọ́ okùn gígùn. A ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ó máa wọ́ ọ kiri nínú òkùnkùn, a ó sì máa fi ọwọ́ tí ó di okùn mú gbọ́ bóyá ó ti kan nǹkan. Nígbà mìíràn ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà. Nígbà mìíràn gbogbo òwúrọ̀ ni, nítorí ìkọ́ kò ní ojú, kò sì lè rìn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí sùúrù bá tán, ẹnì kan a ní òun yóò wọ inú kànga lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lè di ẹkún. Afẹ́fẹ́ burúkú a máa wà nínú kànga jíjìn nígbà mìíràn, ojú kò lè rí i, imú sì lè má gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lè dákú kí ó tó ké, ẹni tí ó bá sì sáré wọlé láti yọ ọ́ lè bá a lọ. Mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí korobá wọ kànga.

Ẹ wá fi ọkàn ya àwòrán ìkọ́ mìíràn, tí ó ní ojú, tí ó lè rìn síwájú, tí ó lè padà sẹ́yìn, tí ó lè yí sọ́tùn-ún àti sósì, tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ kí ó sì tún gòkè, nígbà tí ẹni tí ń darí rẹ̀ jókòó sí etí omi, tí aṣọ rẹ̀ kò sì tutù rárá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. R.O.V. ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi tí ènìyàn ń wọ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni pé a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ọ̀kan kékeré, bí a bá mọ ohun tí omi ń fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́.

Ohun kìíní tí a ní láti mọ̀ ni pé omi wúwo. Ẹni tí ó bá ti ru omi láti odò dé ilé rí kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ èyí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wọ̀n ọ́n. Ní gbogbo mítà 10 tí nǹkan bá fi sọ̀ kalẹ̀ nínú omi, nǹkan bí kílò 1 ni omi ń fi kún ìwúwo tí ń tẹ ibi kọ̀ọ̀kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1, tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, ìyẹn ni pé ibi tí kò ju èékánná lọ. Ó dàbí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kan àpótí kékeré kan fún kámẹ́rà yín, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, nígbà tí ó bá fi máa dé mítà 10, ìwúwo tí omi gbé lé gíláàsì yẹn ti tó kílò 100. Àpò sìmẹ́ńtì méjì nìyẹn.

Ẹ wá wo òkun wa níhìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń wa epo tí a ń pè ní Bonga wà nínú agbami, ó jìnnà sí etí òkun Nàìjíríà ní nǹkan bí kìlómítà 120, omi ibẹ̀ sì jìn ju mítà 1,000 lọ. Ọdún 2005 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ yẹn, àpò sìmẹ́ńtì méjì ni omi gbé lé orí èékánná kan ṣoṣo. Òmùwẹ̀ tí ń mí afẹ́fẹ́ lásán nínú ìgò rẹ̀ kì í sábà kọjá mítà 50 lẹ́nu iṣẹ́, nítorí bí ó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tí ó ń mí yóò bẹ̀rẹ̀ sí pa á bí ọtí. Nítorí náà, ní irú ibi jíjìn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni ń lọ wo páìpù, ẹ̀rọ ni ń ṣí ọ̀nà epo, ẹ̀rọ ni ó sì ń tì í.

Ohun kejì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ohùn mi ń gba afẹ́fẹ́ kọjá lórí igbó àti òkè títí yóò fi dé inú yàrá yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di rédíò yín sínú ike tí omi kò lè wọ̀, tí ẹ sì rì í sínú òkun, mo máa dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Omi iyọ̀ a máa gbé ohùn rédíò mì kí ó tó lọ jìnnà. Omi odò sàn jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí a kò fi lè darí ẹ̀rọ abẹ́ omi bí a ti ń darí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní okùn. A ní láti so wáyà mọ́ ọn. Wáyà yìí ni ó ń gbé iná lọ, òun ni ó ń gbé àṣẹ lọ, òun náà ni ó sì ń gbé àwòrán bọ̀. Ẹ rí i pé a kò tíì kúrò nídìí ìkọ́ kànga: okùn ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1966, ọkọ̀ òfuurufú ológun méjì ti Amẹ́ríkà fi orí gbá ara wọn lókè Palomares, abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Bọ́ǹbù olóró mẹ́rin ni ọ̀kan nínú wọn gbé. Mẹ́ta bọ́ sórí ilẹ̀, ọ̀kan bọ́ sínú òkun. Ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi wáyà darí láti orí ọkọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CURV, ni ó lọ mú un wá láti nǹkan bí mítà 870. Kò lọ wọ́ọ́rọ́ o. Ẹ̀rọ náà kó sínú àwọn okùn agbòòrùn tí ó so mọ́ bọ́ǹbù, kò sì rí ara rẹ̀ tú sílẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó wà lókè gbèrò pọ̀, wọ́n ní kí wọ́n kúkú fa òun àti bọ́ǹbù jáde pọ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ni wọ́n fà á dé òkè. Ká ní òmùwẹ̀ ni ó kó sínú okùn yẹn ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ta ni yóò lọ tú u?

Ẹ lè sọ pé iṣẹ́ ìjọba ńlá nìyẹn, pé kí ni ó kan ọmọ ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn pẹ̀lú ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Phoenix jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Inú aṣálẹ̀ ni ó wà, òkun jìnnà sí i. Ilé ìwé gíga kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Carl Hayden, ilé ìwé àwọn ọmọ tálákà sì ni. Ní ọdún 2004, olùkọ́ méjì níbẹ̀, Fredi Lajvardi àti Allan Cameron, kó ọmọkùnrin mẹ́rin jọ láti ṣe ẹ̀rọ abẹ́ omi fún ìdíje kan tí wọ́n máa ṣe ní Santa Barbara, ní California. Orúkọ àwọn ọmọ náà ni Cristian Arcega, Lorenzo Santillan, Luis Aranda àti Oscar Vazquez. Mexico ni wọ́n ti bí wọn, wọn kò sì ní ìwé ìgbélùú. Ìdíje náà pín sí ọ̀nà méjì, ti àwọn tí kò tíì mọ̀ púpọ̀ àti ti àwọn ọ̀jáfáfá. Àwọn olùkọ́ yìí fi àwọn ọmọ wọn sí ti àwọn ọ̀jáfáfá, láàárín àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ní bí a ó bá tilẹ̀ fìdí rẹmi, kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ yunifásítì na ọmọ ilé ìwé gíga. Èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo mọ irú ọgbọ́n yẹn.

Nǹkan bí 800 dọ́là ni wọ́n ná. Àwọn ọmọ yunifásítì MIT, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, ná ju 11,000 dọ́là lọ sórí tiwọn. Àwọn ọmọ Phoenix kò lówó irin olówó iyebíye, nítorí náà páìpù oníke ni wọ́n rà, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ń lò nínú ilé wa. Wọ́n gé e, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, gọ́ọ̀mù náà sì rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ẹ̀rọ náà ní Stinky, ìyẹn ni Olóòórùn. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú páìpù ni ó ń gbé e léfòó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ wọ́n sì rí i pé yóò léfòó jù, ni wọ́n bá gbé bátìrì sínú àpótí kan nínú ẹ̀rọ gan-an kí ó lè rì dáadáa. Ọgbọ́n ni, ewu sì ni pẹ̀lú. Bí omi bá wọ àpótí yẹn, gbogbo rẹ̀ ti jóná nìyẹn.

Omi sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé Santa Barbara tí wọ́n dán an wò, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n bá omi nínú rẹ̀. Kò sí àyè láti ṣe àpótí tuntun mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó: kí ni nǹkan kékeré tí ń fa omi mu kíákíá, tí kì í sì í pọ̀n ọ́n padà? Ni wọ́n bá lọ sí ilé ìtajà, wọ́n ra òwú dídì tí àwọn obìnrin ń lò nígbà nǹkan oṣù wọn, wọ́n sì tò ó sínú àpótí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, nítorí ó ṣiṣẹ́. Stinky wọ omi, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ fa omi aláwọ̀ jáde nínú àgbá kan nísàlẹ̀, iṣẹ́ tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ka èsì, àwọn ọmọ Carl Hayden ni ó ṣe ipò kìíní, MIT ṣe ipò kejì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ti àwa wàyí. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ó sì dójú tì wá, nítorí náà mo lè sọ ibi tí ọ̀fìn wà.

Ara ẹ̀rọ ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wá páìpù oníke ti ìdajì ínṣì, kí ẹ gé e, kí ẹ fi àwọn oríkèé rẹ̀ tò ó bí àgò adìẹ tí kò ní ìgànná: kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó fẹ̀ tó 20, kí ó sì ga tó 20. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i ní ọjọ́ yẹn. Títì tí ẹ ti páìpù bọ oríkèé ti tó, nítorí ó dájú pé ẹ ó tú u, ẹ ó sì tún un tò. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò sára páìpù kí omi lè wọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ní, ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú páìpù ni àwọn ọmọ Phoenix lò ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n sé e pa, wọ́n sì mọ iye rẹ̀. Bí páìpù tiyín bá ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tí ó léfòó ní aago mẹ́wàá yóò ti rì ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wá nǹkan mìíràn tí yóò gbé e léfòó.

Nǹkan mìíràn yẹn kò jìnnà. Ìléfòó tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n ni, tàbí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń yí tẹlifíṣọ̀n tuntun ká nínú páálí rẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe wa àkọ́kọ́ wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé ohun tí yóò gbé nǹkan sókè, abẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà, bí orí ti ń wà lábẹ́ ẹrù. Wọ́n so ìléfòó mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n so irin mọ́ òkè. A gbé e sínú táǹkì omi, ó yí dà lẹ́ẹ̀kan náà, ó dojú délẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ sókè bí ẹja tí ó ti kú. Ọmọ Ìlàjẹ kan láàárín wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Tíṣà, ṣé ẹ kò rí àwọ̀n rí ni? Ìléfòó a máa wà lókè, òjé a máa wà nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀n fi ń dúró gangan nínú omi.’ Mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ọmọ apẹja ni ó kọ́ mi.

Bí ó bá ti dúró gangan, ẹ wọ̀n ọ́n nínú omi. Òfin tí Archimedes ará Gíríìkì rí láyé àtijọ́ ni a ń lò: agbára tí omi fi ń gbé nǹkan sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan náà lé kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ máa so nọ́ọ̀tì irin mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí orí rẹ̀ nìkan yóò fi yọ díẹ̀ lójú omi, tí ẹ bá sì fi ìka kan tì í, tí yóò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò sì tún rọra gòkè padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Kí ó léfòó ní ìwọ̀nba, nítorí bí iná bá kú mọ́ ọn lábẹ́ omi, yóò wá sókè fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì wá gbé e láti inú odò lọ sí òkun, ẹ ní láti tún un wọ̀n, nítorí omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, ó sì ń gbé nǹkan sókè jù ú lọ. Ẹ̀rọ tí ó bá lé kílò 4 omi kúrò ní àyè yóò fẹ́ nǹkan bí gíráàmù 100 irin sí i.

Ó ku ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Ẹ́ńjìnì kékeré mẹ́ta tí ń fi iná bátìrì yí ni ẹ nílò, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ kékeré tí ẹ ó fi sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ so méjì mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Bí méjèèjì bá jọ tì í, yóò lọ síwájú. Bí ti ọ̀tún nìkan bá tì í, yóò yí sí òsì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni ẹ ó fi sí àárín, kí ó kọjú sókè, òun ni yóò máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ tàbí gòkè. Ẹ lè rí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ nínú ohun ìṣeré ọmọdé tí ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá lówó díẹ̀ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é kí omi má lè wọ̀ ọ́.

Ti ohun ìṣeré ni ó ní iṣẹ́ nínú. Ẹ wá ike kékeré tí ó ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n ń ta oògùn oníhóró sínú rẹ̀. Ẹ lu ihò tín-ín-rín sí ìdí rẹ̀ kí irin tí ń yí nìkan lè yọ níbẹ̀. Ẹ yọ́ ìda lórí omi gbígbóná, ẹ má gbé e lé iná gan-an, nítorí ìda a máa gbiná. Ẹ fi téèpù di gbogbo ojú ẹ́ńjìnì kí ìda má wọ inú rẹ̀, ẹ gbé e sínú ike, ẹ da ìda sí i títí yóò fi kún, ẹ dé e. Ẹ fi gíríìsì kún ẹnu ihò tí irin ti yọ. Níbi tí ìda bá wà, omi kò ní àyè.

Síbẹ̀, omi wọ tiwa. A wo ihò irin, ó dára. A wo ìdérí, ó dára. A ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, omi tún wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó yá ni a rí ọ̀nà tí ó ń gbà. Wáyà wa ti há mọ́ etí táǹkì, awọ rẹ̀ sì ti ya ní ibì kan tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ. Omi gba ibẹ̀ wọlé, ó rin ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín awọ àti wáyà, ó sì yọ sínú ẹ́ńjìnì láti inú wá, bí olè tí ó gba àjà wọlé nígbà tí onílé ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, a kì í so wáyà mọ́ ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù tí ń le dí ẹnu rẹ̀ nínú.

Wáyà tí ó dára fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra ní ọ́fíìsì. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì méjì. Ẹ́ńjìnì mẹ́ta yóò gba mẹ́fà, méjì a sì ṣẹ́ kù. Ẹ má rà á ní àràjù. Iná a máa rẹ̀ lójú ọ̀nà: bí wáyà yìí bá gùn ní mítà 15, tí ẹ́ńjìnì kan sì ń gba iná ámúpù 1, nǹkan bí fólítì 2 ààbọ̀ ni yóò ṣòfò nínú àlọ àti àbọ̀, tí 12 tí ẹ fi ránṣẹ́ yóò fi dé ibẹ̀ ní 9 ààbọ̀. Bí ẹ bá sọ wáyà di mítà 30, òfò náà di ìlọ́po méjì. Ẹ́ńjìnì ńlá tí ń gba iná púpọ̀ ń fẹ́ wáyà tí ó nípọn ju èyí lọ. Ẹ so okùn lásán mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà náà, okùn ni kí ẹ sì máa fi fa ẹ̀rọ jáde. Ẹni tí ó bá ń fi wáyà iná fa ẹ̀rọ, ọjọ́ kan ni wáyà nìkan yóò bá ọwọ́ rẹ̀ wá bíi ti ọmọ tí ó lọ pọn omi.

Súwíìṣì mẹ́ta ni yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí ń darí rẹ̀. Irú èyí tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ni kí ẹ rà, tí orí rẹ̀ sì máa ń padà sí àárín bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ so wáyà ẹ́ńjìnì mọ́ ẹsẹ̀ méjì àárín, ẹ so ti bátìrì mọ́ méjì ìpẹ̀kun kan, kí ẹ sì fi wáyà kúkúrú méjì so ti ìpẹ̀kun yìí mọ́ ti ìpẹ̀kun kejì ní ìkọjá ara wọn, bí àmì ìsọdipúpọ̀ nínú ìṣirò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, iná yóò gba ọ̀nà kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, yóò gba ọ̀nà kejì, abẹ̀bẹ̀ yóò sì yí padà.

Bátìrì alùpùpù tí ó ní fólítì 12 ti tó. Ẹ fi fíúsì sára wáyà rẹ̀, ní ìtòsí bátìrì gan-an. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi etí sílẹ̀ níbí yìí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ẹ̀rọ yìí mọ́ iná ilé tàbí iná jẹnẹrétọ̀. Iná ilé àti omi kì í fúnni ní àyè kábàámọ̀. Inú korobá àti táǹkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì máa lọ sí etí odò, kí àgbàlagbà tí ó mọ odò náà wà pẹ̀lú yín. Bí wáyà bá há mọ́ gbòǹgbò igi lábẹ́ omi, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀. Torí kí ènìyàn má baà wọ omi ni a ṣe ṣe é.

Ojú ni a fi gbẹ̀yìn. Kámẹ́rà tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí awakọ̀ lè rí ẹ̀yìn kò wọ́n púpọ̀, iná bátìrì fólítì 12 kan náà ni ó sì ń jẹ, wáyà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ yóò sì bá a wá. Wọ́n ṣe é fún òjò, wọn kò ṣe é fún odò, nítorí náà ẹ kó o sínú ike tí ó mọ́ gaara kí ẹ sì dí i. Ẹ má retí kí ẹ rí àwọ̀ bí ẹ ti ń rí i lókè. Omi a máa kọ́kọ́ gbé àwọ̀ pupa mì, ohun tí ó pupa lókè yóò dúdú nísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi iná sí i, ẹ gbé iná náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó jìnnà díẹ̀ sí kámẹ́rà. Bí ó bá wà ní ojú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí tí ó wà nínú omi ni yóò máa tàn padà sí ojú yín, bí iná ọkọ̀ ti ń ṣe nínú kùrukùru ọyẹ́, tí awakọ̀ kò ní rí ọ̀nà mọ́.

Ọjọ́ tí tiwa kọ́kọ́ gbọ́ràn, a ju kọ́kọ́rọ́ kan tí a so mọ́ wáyà róbótó sí ìsàlẹ̀ táǹkì, a sì fi irin tí a tẹ̀ ní kọdọrọ sí imú ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin kan ni ó di súwíìṣì mú, àwọn yòókù pé lé tẹlifíṣọ̀n kékeré náà lórí. Ó tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ẹ̀ẹ̀keje, irin wọ inú wáyà róbótó, ó tẹ súwíìṣì ẹ̀kẹta, kọ́kọ́rọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bọ̀. Ariwo tí wọ́n pa ni ó mú àwọn kíláàsì tí ó wà nítòsí jáde.

Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ jáde, ẹ má jù ú sí igun ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣan ẹrẹ̀ àti iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ tú ìdí abẹ̀bẹ̀ wò bóyá koríko ti wé mọ́ ọn, ẹ tún gíríìsì ẹnu rẹ̀ fi, kí ẹ ká wáyà rẹ̀ ní róbótó láìṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn kò ti pa á.